Ẹ̀yìn ríro àti iṣẹ́ abẹ ojú kékeré: ta ló yẹ fún, kí ló sì yí padà nínú ìtọ́jú rẹ̀?

  Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iye owó àgbàdo la sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni.

Ẹ̀yìn tí a fi ń pọn ọmọ, tí a fi ń tẹ̀ roko, tí ìyá tó ń yan gàrí fi ń jókòó ti iná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní OMS, sọ pé ní ọdún 2020, èèyàn tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń ro lágbàáyé tó mílíọ̀nù 619. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn bá ń ro yín, ẹ ò dá nìkan wà, kò sì túmọ̀ sí pé ẹnì kan ló fi nǹkan ṣe yín.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni ìbéèrè tó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ti ìlú ńlá dé ń sọ pé iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn tuntun kan ti dé, pé ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò ju èékánná lọ, àti pé lọ́jọ́ náà gan-an lẹni tí wọ́n ṣe é fún á dìde rìn. Àwọn àgbà sì ń dáhùn pé irọ́ ni, pé ẹni tó bá jẹ́ kí abẹ kan ọ̀pá ẹ̀yìn òun ti di arọ. Ta ló wá ń sọ òótọ́ nínú wọn? Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀, torí ìbẹ̀rù àwọn àgbà yìí ti jẹ́ kí àwọn kan jókòó sílé nígbà tó yẹ kí wọ́n sáré. Ìròyìn àwọn ọmọ náà sì lè mú kí ẹlòmíràn ta ilẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ tí kò nílò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn wa. Eegun kéékèèké ni wọ́n tò léra wọn, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń to abọ́. Láàrin eegun kan àti èkejì, tìmùtìmù kan wà níbẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní dísìkì. Ìta rẹ̀ le bí awọ, inú rẹ̀ rọ̀. Òun ló ń gba ìwúwo ẹrù tí eegun kò fi ń ha eegun. Lẹ́yìn tìmùtìmù yìí, ihò kan wà tó gba inú àwọn eegun náà kọjá láti ọrùn dé ìdí. Inú ihò yẹn ni okùn iṣan tó ti ọpọlọ wá ń gbà. Òun ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ fún ẹsẹ̀, òun ló sì ń gbé ìròyìn ẹsẹ̀ padà wá fún ọpọlọ, pé ilẹ̀ yìí gbóná, pé ẹ̀gún gún mi.

Ẹ wo ẹ̀kọ tí wọ́n fi ewé dì, èyí tí àwọn kan ń pè ní àkàsà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ewé náà sì ya níbì kan, ibi tó ya yẹn lẹ̀kọ á gbà yọ. Bí dísìkì ṣe ń yọ náà nìyẹn. Ohun rírọ̀ inú rẹ̀ á yọ, á sì lọ tẹ okùn iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Ìrora náà á wá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, á gba ẹ̀yìn itan, á dé ẹsẹ̀, bí iná tàbí bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Ìrora yìí ni wọ́n ń pè ní sciatique nílé ìwòsàn. Dísìkì tó yọ, wọ́n ń pè é ní hernie discale. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ìpá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hernie náà ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àwọn kan ti gbọ́ hernie, wọ́n sì ti ń wo ìsàlẹ̀ ara wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù ni pé ọ̀pọ̀ dísìkì tó yọ, ara fúnra rẹ̀ ló ń tún un ṣe. Ohun tó yọ náà á máa gbẹ, ara á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìrora á sì lọ sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, àwọn oníṣègùn kó èèyàn 283 jọ, àwọn tí sciatique ti ń dà láàmú gidi fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Wọ́n ṣètò iṣẹ́ abẹ kíákíá fún apá kan, wọ́n ní kí apá kejì dúró, kí wọ́n máa lo oògùn ìrora, kí wọ́n sì máa rìn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Ìrora àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tètè lọ. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí kò lè sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan pé, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní apá méjèèjì, 95 ló sọ pé ara àwọn ti yá. Nínú àwọn tí wọ́n ní kó dúró, bí 39 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ nígbẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé àwọn tó kù, tí wọ́n pọ̀ jù, kò sí ẹni tó la ẹ̀yìn wọn.

Ẹni tó ń kàwé fún ẹgbẹ́, jọ̀wọ́ dúró díẹ̀ níbí. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jókòó: bí ẹ̀yìn bá ro ẹnì kan nílé yín, kí lẹ ń sọ fún un? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á sọ pé «lọ dùbúlẹ̀». Ẹ jẹ́ ká yọ ìyẹn kúrò. Dídùbúlẹ̀ lórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ méjì kì í wo ẹ̀yìn sàn, ó ń sọ iṣan ara di aláìlera ni. Kí ẹni náà sinmi fún ọjọ́ kan tàbí méjì bí ìrora bá le, lẹ́yìn náà kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó máa ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Kó fi ẹrù wúwo sílẹ̀ ná.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀bá ọ̀nà. Hóró tramadol tí wọ́n ń tà lábẹ́ agbòòrùn lọ́jà, tí àwọn tó ń gun zémíjàn àti àwọn alágbàṣe oko ń gbé mì kí wọ́n lè fara da iṣẹ́, kì í ṣe ìtọ́jú ẹ̀yìn. Ó ń pa ìrora mọ́lẹ̀ kí ẹ lè ba ẹ̀yìn náà jẹ́ sí i, ara á sì di ẹrú rẹ̀. Àwọn oògùn ara wíwú bíi diclofénac àti ibuprofène náà, bí wọ́n bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́ láìsí dókítà, wọ́n lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n sì lè ba kídìnrín jẹ́.

Ó dáa. Mo ti ní kí ẹ fi sùúrù sí i. Ẹ gbọ́ èyí tí kò gba sùúrù rárá.

Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, okùn iṣan náà pín yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ bí irun ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ọba ń mú lọ́wọ́. Àwọn Faransé náà rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní queue de cheval, ìrù ẹṣin. Àwọn okùn wọ̀nyí ló ń darí ìtọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ àti nǹkan ọkùnrin tàbí obìnrin. Bí dísìkì ńlá bá yọ tó sì tẹ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni náà kò ní lè tọ̀ mọ́, tàbí ìtọ̀ á máa jáde láìmọ̀. Ibi tí gàárì máa ń kàn lára ẹni tó gun ẹṣin, ìyẹn àárín itan àti ìdí, á kú bí ẹni pé wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ẹni tó bá ní irú àmì yìí, ilé ìwòsàn ló ń lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó má dúró de ọjọ́ ọjà. Wákàtí ni wọ́n ń kà níbẹ̀, wọn kì í ka ọjọ́. Bí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó lè padà tọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá pẹ́, ó lè máa gbé e kiri títí ayé. Ẹ ò rí i pé níbí, àìṣe iṣẹ́ abẹ gan-an ló ń sọni di arọ?

Ẹsẹ̀ kan tó ń rọ sí i lójoojúmọ́, tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò lè gbé sókè mọ́ tí bàtà sì ń wọ́lẹ̀, ẹ má fi òun náà pamọ́. Ẹni tó ṣubú láti orí igi ọ̀pẹ tàbí tí ọkọ̀ gbá tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ro, ẹ má ṣe fà á dìde, ẹ gbé e lórí pátákó gbalaja.

Ẹ̀yìn ríro kan tún wà ní ilẹ̀ wa tó máa ń tan èèyàn jẹ: ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú eegun ẹ̀yìn. Ẹni náà lè má wúkọ́ rárá. Ẹ̀yìn á máa ro ó tọ̀sán-tòru fún oṣù, á máa rù, ara á máa gbóná nírọ̀lẹ́, òógùn á bo ẹní rẹ̀ lóru, ẹ̀yìn lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iké. Ó lè jẹ́ ọmọdé. Oògùn ló ń wo ọ̀pọ̀ irú èyí sàn, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ó sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Benin àti ní Tógò, ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fúnni ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ má lọ ta ewúrẹ́ nítorí rẹ̀.

Ní báyìí, a lè wá sọ ọ̀rọ̀ abẹ. Ní 1934, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, dókítà méjì, Mixter àti Barr, kọ ọ́ sínú ìwé pé dísìkì tó yọ ló ń fa ìrora tó ń gba ẹsẹ̀ lọ, àti pé èèyàn lè yọ ọ́ kúrò. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ yìí ti tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ojú ọgbẹ́ gùn, wọ́n ń bó ẹran kúrò lára eegun, wọ́n ń gé lára eegun, aláìsàn sì ń wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù àwọn àgbà ti wá, mi ò sì bá wọn jà.

Ní 1977, Yaşargil ní Zürich àti Caspar ní Jámánì, kálukú lọ́tọ̀, jẹ́ kó di mímọ̀ pé àwọn ti ń lo awò ńlá tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí ẹ bá ríran dáadáa, ẹ ò nílò kí ẹ la ibi tó gbòòrò. Nígbà tó di 1997, Foley àti Smith ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń ki ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà èyí tó tóbi díẹ̀ jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹran ara lè yà sọ́tọ̀ láìgé e, bí ẹni tó fọwọ́ ya koríko sọ́tùn-ún sósì kó lè rí ọ̀nà. Inú ihò ọ̀pá náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Lónìí, èyí tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ wà, tí ojú rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 1, tí kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ ń wọ inú rẹ̀ tí dókítà sì ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú tẹlifísọ̀n. Nítorí náà, ohun tí àwọn ọmọ yín sọ nípa èékánná kì í ṣe irọ́.

Àmọ́ ṣé ojú ọgbẹ́ kékeré ló dáa jù nígbà gbogbo? Ní Netherlands kan náà, wọ́n fi iṣẹ́ ọ̀pá oníhò wé iṣẹ́ abẹ onímáíkírósíkóòpù tó ti wà tẹ́lẹ̀, láàrin èèyàn 328. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé ti ọ̀pá oníhò kò sàn jù. Kódà, ìrora ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn tó kù lára àwọn tí wọ́n fi ọ̀pá ṣe fún fi díẹ̀ ju ti àwọn kejì lọ. Ní 2022, wọ́n tún tẹ àbájáde mìíràn jáde, láàrin èèyàn 613, nípa ti kámẹ́rà. Ìyẹn kò kù sẹ́yìn ti àtijọ́ rárá, ìrora ẹsẹ̀ wọn tilẹ̀ fi díẹ̀ dín kù lẹ́yìn ọdún kan. Ohun tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a má fi gígùn ojú ọgbẹ́ yan dókítà. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ náà tó ń ṣe é lójoojúmọ́ sàn ju irinṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin aránṣọ ṣáà mọ̀ ọ́n.

Lójú tèmi, ìtọ́jú tó yí abẹ náà ká ló yí padà jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Láti ọdún 1990 sí òkè ni dókítà kan ní Denmark, Henrik Kehlet, ti ń béèrè ìbéèrè tó rọrùn: kí ló dé tí aláìsàn fi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí? Ìrora ni? Èébì ni? Àbí nítorí pé bí a ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyẹn? Iṣẹ́ abẹ ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn sì gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2021, wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ jáde fún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń so eegun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ pọ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ abẹ. Wọ́n á pe aláìsàn àti ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ nílé jókòó, wọ́n á ṣàlàyé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí, torí ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀ kì í bẹ̀rù bíi ti ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tó ń mu sìgá á dá a dúró, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú, kí ọgbẹ́ lè tètè jinná. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ á jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, wọ́n á wá bí yóò ṣe tó. Ẹni tó jẹ́ SS gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà akunilóorun. Kò ní bú yín. Àwọn egbò igi kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, bí kò bá sì mọ̀, ẹ̀yin lẹ máa fara gbá a.

Ọ̀rọ̀ ebi náà ti yí padà. Látijọ́, láti alẹ́ ni wọ́n á ti ní kí ẹ má jẹ má mu. Ìlànà tuntun gbà pé kí àgbàlagbà tó ní ìlera jẹ oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ títí di wákàtí 6 ṣáájú abẹ, kó sì mu omi lásán títí di wákàtí 2 ṣáájú. Omi lásán ni mo wí, kì í ṣe ògì, kì í ṣe mílíìkì. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà yín bá sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe ti rédíò.

Nínú yàrá abẹ, wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn tó ń pa kòkòrò láàrin wákàtí kan ṣáájú kí abẹ tó kan ara, wọn kì í tún dúró dìgbà tí ọgbẹ́ bá ti kẹ̀. Wọ́n ń mú ara rẹ̀ móoru. Wọ́n ń fún un ní oògùn ìrora oríṣiríṣi ní ìwọ̀n kéékèèké, paracétamol, èyí tó ń mú kí ara má wú, àti abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ọgbẹ́ kú, kí wọ́n lè dín oògùn líle bíi morphine kù. Morphine ló máa ń mú kí èèyàn máa bì tí ojú rẹ̀ á sì máa ṣú, tí kò fi ní lè dìde. Rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń yọ ọ́ kíákíá báyìí, tàbí kí wọ́n má fi sí i rárá. Nítorí gbogbo èyí ni ẹni tí wọ́n yọ dísìkì fún láàárọ̀ fi lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Abẹ kékeré nìkan kò lè ṣe é.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dà yín rú pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ mìíràn, èyí tí wọ́n ń fi ìdè irin so eegun pọ̀, fún ẹni tí eegun rẹ̀ fọ́ tàbí tó ń yẹ̀ kúrò lórí ara wọn. Ìyẹn wúwo jù, owó rẹ̀ pọ̀ jù, ọjọ́ tí yóò fi jinná sì gùn jù.

Ibo ni èèyàn á lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn àdúgbò yín, àwọn ló ń fúnni níwèé lọ sí òkè. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wà ní ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kútọnu, ó sì wà ní CHU Sylvanus Olympio ní Lomé. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì láàrin àwa Yorùbá náà, torí láti 1962 ni Látúndé Òdékù ti gbé e kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Irú irinṣẹ́ tó wà níbì kan lè má sí níbòmíràn, nítorí náà ẹ béèrè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe «radio», kì í ṣe rédíò tiwa yìí o, àwòrán eegun ni. Radio ń fi eegun hàn, kì í fi dísìkì hàn. Scanner tàbí IRM ló ń fi dísìkì hàn, IRM ló sì ń fi okùn iṣan hàn dáadáa jù. Kí àwòrán tó wà lọ́wọ́ yín sì bá ibi tó ń ro yín mu. Dísìkì tó yọ díẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní ìrora kankan. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ro yín tí àwòrán sì ń fi òsì hàn, kí ẹ má gbà kí wọ́n la òsì.

Níwájú dókítà, ẹ mú ẹnì kan dání tó gbọ́ Faransé, ẹ má sì tijú láti béèrè. Ṣé mo lè dúró kí n wò ó ná? Kí lẹ fẹ́ yọ, ṣé ẹ máa fi irin sí i? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ń ṣe irú rẹ̀ lóṣù? Èló ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú oògùn, àwòrán àti bẹ́ẹ̀dì? Kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó lọ gba owó àjọ. Ẹ tún mọ̀ pé abẹ ń tú iṣan ẹsẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ẹ̀yìn ríro lásán, èyí tí kò gba ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹ̀yìn nìkan ń ro tí wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ abẹ fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó lọ rí dókítà mìíràn.

Ilé ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ìwé àwọn aláwọ̀ funfun kò ti mọ bí ilé wa ṣe rí. Ẹ má fi zémíjàn gbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà pupa. Ẹ wá ọkọ̀, kó fẹ̀yìn tì díẹ̀, kí ẹ máa dúró lọ́nà kó sọ̀ kalẹ̀ rìn ìṣísẹ̀ díẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹní fún un sílẹ̀, torí àtidìde láti ilẹ̀ ló ń ṣẹ́ ẹ̀yìn po. Bẹ́ẹ̀dì ni kó sùn lé. Bó bá fẹ́ dìde, kó yí sí ẹ̀gbẹ́, kó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kó fọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè. Ilé ìgbẹ́ tí a ń lóṣòó sí ńkọ́? Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń jinná kò lè lóṣòó. Kí káfíńtà gbẹ́ àga oníhò kan sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ abẹ. Igi díẹ̀ àti ìṣó ni, kò ju bẹ́ẹ̀. Ẹ sì fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti omi púpọ̀, kí ìgbẹ́ má bàa le.

Kó máa rìn lójoojúmọ́, lónìí yíká ilé, lọ́la dé ìta, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ dé ilé ìdáná ẹnìkejì. Ọ̀pọ̀ dókítà ń ní kí èèyàn má ru omi, má gbé ìkòkò, má pọn ọmọ, má roko fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú ilé wa. Bí ẹni tí wọ́n ṣe é fún bá jẹ́ ìyá ilé, bí ẹnì kan kò bá ti gba iṣẹ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ, ọjọ́ kẹrin ni ẹ máa rí i tó gbé korobá. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin lẹ máa ṣètò èyí, ẹ má tì í sí ọmọdé lọ́rùn. Dísìkì tó ti yọ rí lè tún yọ.

Ojú ọgbẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ kó sì mọ́. Ẹ má fi òrí ra á, ẹ má bu àgúnmu lé e, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ wọ́ ọ. Bó bá ń pọ́n sí i, tó ń gbóná, tó ń ṣe ikùn, tí ara sì ń gbóná, ẹ padà. Bí omi funfun bá ń jáde níbẹ̀, tí orí sì ń fọ́ ọ nígbà tó bá dìde tó ń lọ sílẹ̀ nígbà tó bá dùbúlẹ̀, ẹ padà pẹ̀lú, torí awọ tó bo okùn iṣan lè ti ya. Bí ìtọ̀ bá dúró, ẹ ti mọ̀ ọ́n, alẹ́ ọjọ́ náà ni.

Iṣẹ́ tí mo fún àwọn ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ yìí: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá orúkọ awakọ̀ kan tó lè gbé aláìsàn lóru, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri ibi tí ẹ ti ń pàdé, pẹ̀lú orúkọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù. Kí ẹ sì kọ́ ara yín ní dídìde láti orí bẹ́ẹ̀dì bí mo ṣe wí, kálukú á ṣe é níṣojú ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀pà ni a máa sọ, ti ìgbà tó yẹ kí ẹ tà á àti bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ kó má bàa hu èbu. Ó dìgbà náà.